Abẹ́rẹ́ Inú Ọ̀rá Dúdú: Ìbéèrè Àwọn Klínà Ilé Ìwòsàn Lórí Hẹpatáítíìsì B

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé fún ojú ìwé yìí lóṣù yìí ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbálẹ̀ ọsibítù, tó ń fọ tíátà, tó ń kó ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún. Ọ̀rọ̀ hẹpatáítíìsì B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn kan ń pè ní mẹ́dọ̀wú, ló gba gbogbo wọn lọ́kàn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ mọ ẹni tó gún. Klínà tó bá abẹ́rẹ́ kan náà pàdé nínú ọ̀rá nírọ̀lẹ́ kò mọ ara ẹni tó ti wá. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé ààbò klínà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ yẹn tó gún un.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Klínà ni mí ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Láàárọ̀ àná, mo gbé ọ̀rá dúdú kúrò ní wọ́ọ̀dù, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni abẹ́rẹ́ kan yọ jáde lára ọ̀rá, ó gún mi nítan. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Àgbà kan láàárín wa ní kí n fún un dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ búburú lè jáde, kí n sì da Hypo sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó ta mí gan-an. Mi ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan rí. Mi ò sì tíì sọ fún ọ̀gá wa, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ní mi ò ṣọ́ra. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn)*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé la ti fèsì lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ tó ní wákàtí kò ṣeé fi pamọ́ de ọjọ́ tí ìwé ìròyìn máa jáde. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí lọ́la.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa ṣàn sórí ojú ibẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fún un. Fífún un kò lé kòkòrò jáde, ńṣe ló ń ṣe ẹran ibẹ̀ léṣe. Bílíìsì burú ju ìyẹn lọ: ó ń bó awọ ara, ojú egbò á sì wá gbòòrò sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú tàbí ẹnu ni, ẹ má fi ọṣẹ sí i. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ojú náà fún bí ìṣẹ́jú 15, bí ẹ bá sì lo lẹ́ńsì ojú, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín àti nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́, lójú ẹsẹ̀. A mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, ó sì dùn wá pé òṣìṣẹ́ ní láti máa bẹ̀rù kó tó sọ pé òun farapa lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ wákàtí ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀, wọ́ọ̀dù tí ọ̀rá náà ti wá, irú abẹ́rẹ́ tó jẹ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, bóyá ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Abẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ léwu ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́ lọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ máa ń kù sínú ihò rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé yẹn lọ́wọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò hẹpatáítíìsì B, hẹpatáítíìsì C àti HIV. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìí kò lè fi hàn bóyá abẹ́rẹ́ àná ti kó nǹkan ràn yín. Ohun tó wà fún ni láti jẹ́rìí pé ẹ kò ní in tẹ́lẹ̀. Bí nǹkan bá wá yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀rí yìí ni ẹ ó gbé síwájú ẹni tó yẹ kó sanwó ìtọ́jú.

Níwọ̀n bí ẹ kò ti gba àjẹsára rí, tí a kò sì mọ ẹni tó ni abẹ́rẹ́ náà, nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ gbà. Àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B, láàárín wákàtí 24. Ìkejì ni HBIG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń jà fún yín títí ara yín yóò fi kọ́ bó ṣe máa jà fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílílítà 0.06 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ẹni tó wúwo tó kílò 70 máa gba mílílítà 4.2. Apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa fún yín ní méjèèjì. Wákàtí 24 ló dára jù fún HBIG náà. Bó bá ti kọjá ọjọ́ 7, kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó sì gbówó lórí. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má torí ìyẹn fi àjẹsára sílẹ̀: òun nìkan, bó bá tètè dé, ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bákan náà, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 lẹ ó sì fi lò ó.

Láàárín oṣù mẹ́fà yìí, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù títí àyẹ̀wò HIV yóò fi parí. Ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò hẹpatáítíìsì B ní oṣù kẹfà.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ewu náà ṣe tó. Bí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV bá gún ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá ènìyàn, bí mẹ́ta ló máa kó o. Ti hẹpatáítíìsì C kò tó 2 nínú 100. Ti hẹpatáítíìsì B jẹ́ 6 sí 30 nínú 100 fún ẹni tí kò gba àjẹsára. Kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “ẹ̀jẹ̀ ara abẹ́rẹ́ yẹn ti gbẹ, kò lè ṣe nǹkan,” kò mọ ohun tó ń sọ.

Báwo wá ni abẹ́rẹ́ ṣe dénú ọ̀rá dúdú? Ọ̀rá dúdú wà fún bébà, fún ike omi àti ìyókù oúnjẹ. Páàlí líle aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní séfítì bọ́ọ̀kìsì ni ilé abẹ́rẹ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé páàlí náà á kún, kò ní sí òmíràn nítòsí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí á sì ju abẹ́rẹ́ sínú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí páàlí bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ti tó kí ẹ dé e nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ tì í, ẹ má mì í kó lè ráyè. Ọ̀rá ìdọ̀tí, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ dì í lọ́rùn nígbà tí àyè ṣì wà lókè, ẹ di ọrùn yẹn mú, kí ẹ gbé e jìnnà sí ara. Ẹ má gbé e kọ́ èjìká, ẹ má gbá a mọ́ra, ẹ má sì jẹ́ kó máa gbá yín nítan. Orí àtẹ̀gùn gan-an ni ọ̀rá ti máa ń fẹ̀gbẹ́ gbá ẹsẹ̀, bí ó ṣe ṣe sí yín yìí. Bí kẹ̀kẹ́ ìkódọ̀tí bá wà, òun ni kó gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, lórí ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń lò, bí ẹ wọ méjì, bí ẹ wọ mẹ́ta, kò dá abẹ́rẹ́ dúró. Ìbọ̀wọ́ róbà tó nípọn, tó gùn dé ìdajì apá, ni ti klínà. Òun náà kò ní kí abẹ́rẹ́ má wọlé pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń nu lára ẹ̀jẹ̀ abẹ́rẹ́ kúrò kó tó kan ara, ó sì ń dá igò tó fọ́ dúró. Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀. Sílípáàsì kò dára ní wọ́ọ̀dù.

*Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n wá ṣe ìpolongo ní ọsibítù wa, mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, mi ò bá wọn. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, pé ẹni tó bá gbà á jù á kó àrùn náà gan-an. (Klínà ọkùnrin, Òṣogbo)*

Rárá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ gbà kò ṣòfò, ara yín ṣì rántí rẹ̀. Ẹ lọ gba ìkejì ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì gba ìkẹta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kìíní, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ni. Oṣù márùn-ún tó wà láàárín ìkejì àti ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Ẹ ṣe àmì sí kàlẹ́ńdà, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé kó máa rán yín létí.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Nínú àwọn tó gba ọ̀kan péré, ó lè jẹ́ pé kò tó ìdajì tí ara wọn ti gbára dì. Nínú àwọn géńdé tí ara wọn le tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lé ní 90 nínú 100. Ní ti ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n yín, kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú abẹ́rẹ́ yìí rárá. Ara ìwúkàrà ni wọ́n ti ń pèsè ẹyọ èròjà kan péré lára èèpo kòkòrò náà, òun ni ara ń kọ́ láti dá mọ̀. Kò sí bó ṣe máa fún ènìyàn ní hẹpatáítíìsì. Apá lè dùn yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ara lè gbóná díẹ̀, ó tán.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń fún un àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Apá òkè, nísàlẹ̀ èjìká, ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dojúbolẹ̀ kí wọ́n gún un sí ìdí, ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ọ̀rá ara máa ń gbà á mọ́ iṣan lọ́wọ́ níbẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Inú fíríìjì tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Àjẹsára mìíràn wà tí yìnyín kò pa lára, ṣùgbọ́n èyí, bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó bàjẹ́, kódà bó bá tún yọ́ padà. Ẹni tó bá ń tà á látinú fíríìsà tó ti ń mú omi tútù jáde, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó gba ti àkọ́kọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò HBsAg, èyí tó ń fi hàn bóyá kòkòrò náà wà lára, torí ẹni tó ti ní kòkòrò náà lára, àjẹsára kò ṣe nǹkan kan fún un, kò sì yẹ kó máa rìn káàkiri pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ààbò wà lórí òun. Lẹ́yìn ti ìkẹta, ní oṣù kan sí méjì, ẹ ṣe àyẹ̀wò anti-HBs, èyí tó ń wọn ọmọ ogun tí ara ti pèsè láti bá kòkòrò náà jà. Bó bá ti tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara yín ti gbà á, ẹ kò sì nílò òmíràn mọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó ṣe é. Iye yẹn máa ń lọ sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ààbò a sì ṣì wà lára. Ẹni tó bá lọ ṣe é lẹ́yìn ọdún márùn-ún tó rí 6 kò ní mọ̀ bóyá ó ti tó 10 rí.

Àwọn tí wọ́n bí kí Nàìjíríà tó fi àjẹsára yìí sínú ti ọmọdé ní ọdún 2004 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọsibítù lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lérò pé òun ti gbà á ní kékeré.

*Èmi kò ní in. Ojú mi kò pọ́n rí, ìtọ̀ mi kò pọ́n. Kí ni mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò fún? (Atẹ́ńdáǹtì, Ṣàgámù)*

Ẹ̀yin tí ojú yín kò pọ́n gan-an la ń bá wí. Ọ̀pọ̀ tó ní in kì í mọ nǹkan kan fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, títí ẹ̀dọ̀ á fi le, tí ikùn á máa wú. Ibà pọ́njú sì ní oríṣiríṣi orísun. Ojú tó pọ́n kò fi hàn pé hẹpatáítíìsì B ni, ojú tó funfun kò sì fi hàn pé kò sí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní láàbù ló lè sọ.

*Ọ̀gá wa ní Izal la ó máa fi nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì ní bílíìsì ni. Àwa wá ń po méjèèjì pọ̀ kó lè lágbára. Èwo ló tọ́? (Iléṣà)*

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun pípo wọn pọ̀ láti òní lọ. Bílíìsì kò gbọ́dọ̀ bá oògùn mìíràn pàdé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, pàápàá èyí tó ní ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde níbẹ̀ lè fún ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Òórùn Izal kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò ti kú. Klórínì, ìyẹn ohun tó wà nínú bílíìsì, ni ohun tí a mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì yín ló sọ òótọ́, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ìwọ̀n 0.5 nínú 100 la fẹ́. Ẹ wo ara ìgò. Bí wọ́n bá kọ 3.5 síbẹ̀, ife bílíìsì kan sí ife omi mẹ́fà ni. Bó bá jẹ́ 5 ni wọ́n kọ, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Omi tútù ni, kì í ṣe gbígbóná. Ẹ máa pò ó láràárọ̀, ẹ dé e, ẹ má gbé e sí oòrùn, kí ẹ sì da ti àná nù, nítorí agbára rẹ̀ máa ń fò lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, omi lásán ló kù nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má gbà á kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ róbà, épírọ́ọ̀nù, bàtà róbà, àti ohun ìbojú bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pọ̀. Bí igò tó fọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀mú tàbí páàlí méjì lẹ ó fi kó o, kì í ṣe ìka. Ẹ da bébà ìnuwọ́ tàbí àkísà tí ẹ ó jù nù bò ó kó fa ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá ìyeyè. Ẹ wá fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án. Ìgbà yìí ni bílíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn: ẹ dà á kó tutù dáadáa, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó nù ún. Ohun tí a sábà ń rí ni pé wọ́n á da bílíìsì lé orí ẹ̀jẹ̀ tútù, wọ́n á sì fi móòpù gbá a lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó máa jẹ agbára bílíìsì yẹn tán, kòkòrò á sì bá móòpù lọ sí wọ́ọ̀dù kejì. Orí móòpù náà gbọ́dọ̀ lọ sí ibi ìfọṣọ kó tó kan ilẹ̀ mìíràn. Ìbọ̀wọ́ ni ẹ ó fọ̀ kẹ́yìn, kí ẹ tó bọ́ ọ, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

*Kọ́ńtírákítọ̀ ló gbà wá síṣẹ́. Ọsibítù ní òṣìṣẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ni wá, kó fún wa ní àjẹsára. Kọ́ńtírákítọ̀ ní ọsibítù ló ni ẹ̀jẹ̀ tí à ń nù. Ta ni ká dìrọ̀ mọ́? (Àwa klínà mọ́kànlá, Ìlọrin)*

Ìwà tí kò dára ni méjèèjì ń hù sí yín, a ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò béèrè ẹni tó ń san owó oṣù. Nínú òfin, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ yín, Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Ó gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó yín. Àrùn tí ènìyàn kó lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú òfin náà. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí pé òun farapa, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ rí ìdí tí ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ ìjàǹbá fi ṣe pàtàkì.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ̀yin mọ́kànlá buwọ́ lù ú. Ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù, wọ́ọ̀dù tó ń fọ̀, àti iye abẹ́rẹ́ tó ti gbà: òdo, ọ̀kan, méjì. Ẹ fún kọ́ńtírákítọ̀ ní ọ̀kan, ẹ fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí dídènà àkóràn ní ọsibítù ní ọ̀kan, ẹ fún olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀kan. Ẹ má béèrè fún “ìrànlọ́wọ́”. Ẹ béèrè pé nígbà tí wọ́n bá ń tún àdéhùn ṣe, kí owó abẹ́rẹ́ mẹ́ta fún klínà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ bí owó móòpù ṣe wà nínú rẹ̀, kí ẹni tuntun sì gba ti àkọ́kọ́ kó tó wọ wọ́ọ̀dù. Káàdì àjẹsára yín, ọwọ́ yín ni kó wà. Bí kọ́ńtírákítọ̀ bá yí padà, fáìlì rẹ̀ á bá a lọ, ẹni tó bá sì dé á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

*Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo wa. Ti èmi, wọ́n kọ “reactive” sí i. Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní kí n jẹ́wọ́ ibi tí mo ti kó o. Àǹtí mi ti gbé àgbo ẹ̀dọ̀ wá. Ṣé wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́? Ọmọ ọdún 38 ni mí. (Abẹ́òkúta)*

Ẹ fọkàn balẹ̀, arábìnrin wa, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ yín ka ibí yìí. Nínú géńdé 100 tó bá kó kòkòrò yìí, nǹkan bí 95 ni ara wọn máa ń lé e jáde fúnra rẹ̀. Nínú ọmọ tuntun 100 tó kó o lọ́jọ́ ìbí, nǹkan bí 90 ló máa di bárakú fún. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé e kiri láàárín wa ti kó o láti ọjọ́ ìbí tàbí ní kékeré, kí wọ́n tó mọ ọkọ tàbí aya. Ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 rí i pé ẹni 8 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló ní in. Èsì yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyàwó ń yan àlè.

“Reactive” wulẹ̀ ń sọ pé kòkòrò wà níbẹ̀ ni. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bó bá ṣì wà, ó ti di bárakú. Ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà yẹn kí ẹ tó rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀. Yóò ṣe àyẹ̀wò ALT láti mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń jìyà, HBV DNA láti mọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó, àti ìyàwòrán ikùn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò oògùn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní tenofovir, hóró kan lójúmọ́ ni. Oògùn yìí wà lára ti HIV pẹ̀lú, kí ẹ má torí orúkọ rẹ̀ já ara yín láyà. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín nígbà tí ara bá yá: kòkòrò náà lè jí padà pẹ̀lú ìbínú, kó ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí yín, ṣùgbọ́n ẹ gbé àgbo náà sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ohun tí a bá mu ń gbà kọjá, àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè dá kún ìjìyà rẹ̀. Ọtí náà ńkọ́? Ẹ yẹra fún un pátápátá.

Kí ọkọ àti àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹni tí kò bá ní in gba abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí ìyẹn yóò fi parí, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù. Abẹ́ ìfárí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ohun ìgékanná, kí ti oníkálukú yà sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ jọ jẹun nínú àwo kan náà, ẹ dì mọ́ ọmọ yín, ẹ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Kì í ràn nípa oúnjẹ, ìkọ́, ẹ̀fọn tàbí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìdí kan náà ni kò fi sí ìdí láti lé yín: gbígbálẹ̀ àti fífọ wọ́ọ̀dù kò lè kó o ran aláìsàn. Ẹ fi báńdéèjì bo egbò ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

*Mo lóyún oṣù márùn-ún, mò ń fọ tíátà. Ṣé mo lè gba àjẹsára? (Adó-Èkìtì)*

Ẹ lè gbà á, kò pa oyún lára, kò pa ọmú lára. Ẹ ṣe HBsAg kọ́kọ́. Bó bá yọ, ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ìrọbí tó dé, kí abẹ́rẹ́ ọmọ lè wà nílẹ̀ láàárín wákàtí 24 tó bá délé ayé, àti HBIG bó bá ṣeé rí.

*Mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ní oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ mo ṣe anti-HBs, wọ́n ní 4 ni. Ṣé ayédèrú ni wọ́n fún mi ni? (Klínà ẹni ọdún 51, Èkó)*

Ó lè máà jẹ́ ayédèrú. Bí ọjọ́ orí bá ti kọjá 40, ara kan wà tí kì í tètè gbà á, pàápàá ara ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó sanra. Ẹ gba mẹ́ta mìíràn, kí ẹ tún un yẹ̀ wò ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ni tiwọn máa ń gòkè nígbà kejì yìí. Bí kò bá sì tún tó 10, ẹ ṣe HBsAg láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba àjẹsára yìí ni yín, kí ẹ má sì gba ìkeje. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí káàdì yín, nítorí bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, HBIG ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa nílò, ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, dókítà tó bá sì wà lórí iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní mọ̀ àfi bó bá rí i nínú káàdì.